Ìka ò dọ́gba: kí ni kí n ṣe kí ohùn gìtá mi lè dọ́gba?

Télọ̀ Òkè-Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Télọ̀ ni mí ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn níbí. Mo ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ó ti tó ọdún méjì ààbọ̀ báyìí. Gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí n máa ta okùn kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tó ń bá ara wọn dún pọ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n má kàn gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àtàǹpàkò á ṣáájú, ìlábẹ̀ á tẹ̀lé e, ìka àárín, ìka òrùka, n óò tún padà sórí ìka àárín àti ìlábẹ̀. Ohùn mẹ́fà nìyẹn, a tún bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà mi rèé. Bí mo bá fi metronome orí fóònù, èyí tó ń lu ìró láti fi mọ eré orin, sí ìró 100 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn mẹ́ta sí ìró kan, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n olùdarí wa gbé orin kan dé tó ní 120 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí mo bá ti kọjá 104 báyìí, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Òmíràn á le bí ìgbà tí wọ́n gbá ilẹ̀kùn, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Oṣù méjì rèé tí mo ti ń fi wákàtí kan gbáko kọ́ ọ lálaalẹ́, lórí 120 yẹn gan-an, kò sí ìyàtọ̀. Apá tún ti ń ro mí.

Ṣé ìka mi ni kò lágbára ni? Wọ́n ní kí n fi pick, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta okùn, ta á. Èmi ò fẹ́ pick.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ọmọ mi, o kú ìtara. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé, jẹ́ kí n sọ tèmi.

Nígbà tí èmi ń ta gìtá kiri Mọ́kọ́lá sí Èkótẹ̀dó, ìka méjì péré là ń lò, àtàǹpàkò àti ìlábẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ta á nílé ẹlẹ́mu nìyẹn. Ọ̀nà yẹn ni àwọn atukọ̀ Kru ará Liberia gbé kiri gbogbo etíkun wa. Àtàǹpàkò ń rìn nísàlẹ̀, ìlábẹ̀ ń dá a lóhùn lókè. Ìka méjì yẹn náà là ń fi sáré tí oníjó fi ń bọ́ ẹ̀wù. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé agbára ló kù. Ẹni tó bá ń fi agbára ta gìtá, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti sùn sẹ́yìn amplifier. Ojú mi ló ṣe.

Èyí tó bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni oṣù méjì lórí 120. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé níbẹ̀ ni ó ti ń tiro. Títiro yẹn lo wá ń kọ́ lálaalẹ́ o, o sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Sọ̀kalẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Orin

Bàbá, ẹ kú àgbà. Àbúrò yín nínú iṣẹ́ fẹ́ fi díẹ̀ kún un.

Àǹtí Télọ̀, gìtá kíláásíkà ni mò ń kọ́. Nínú ìwé tiwa, p ni àtàǹpàkò, i ni ìlábẹ̀, m ni ìka àárín, a ni ìka òrùka. Orúkọ tí àwọn ará Sípéènì ń pè wọ́n ló bí lẹ́tà wọ̀nyẹn: pulgar, índice, medio, anular. Èyí tí ẹ ń ta ni p-i-m-a-m-i. Ó lókìkí gan-an, ó sì máa ń tú àṣírí èèyàn.

Ohun tó gbà mí ni pé kí ìka máa balẹ̀ ṣáájú àkókò. Ẹ mú kọ́ọ̀dù C. Bí àtàǹpàkò bá ṣe ń ta okùn karùn-ún, lẹ́sẹ̀ kan náà ni kí i, m àti a bà sórí okùn kẹta, ìkejì àti ìkíní (ìkíní ló tín-ín-rín jù), kí wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ẹyẹ orí wáyà NEPA. Wọn ò tíì ta nǹkan kan o. Wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni wọn óò wá máa gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní bíbọ̀, ó yàtọ̀ díẹ̀: bí ìka òrùka bá ṣe ń ta, m á ti bà sórí okùn tirẹ̀, bí m bá ṣe ń ta, i á ti bà. Ìka tó ti wà lórí okùn kò tún ní máa wá a kiri lófuurufú, ibi tí ìka ti ń wá okùn kiri ni ohùn ti ń pẹ́ dé.

Ẹ ṣe é lórí 50. Ẹ óò gbọ́ tí ohùn á máa gé tọ́-tọ́-tọ́, torí pé ìka tó bá bà sórí okùn á pa ohùn tó ń dún lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí bíbà náà máa kúrú, títí tẹ́nikẹ́ni ò fi ní gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ tún wo ibi tí ìka ń gbà. Oríkèé ńlá, èyí tó so ìka mọ́ ọwọ́, ni kó ti máa mi wá, kí ìka sì máa bọ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́. Bí ìka bá ń fa okùn sókè bí ẹni ń já ewé, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́, okùn á sì máa ta gbìrà.

Sájẹ́ǹtì Básì

Gbogbo gírámà yìí! Ẹ fi rọ́bà owó so ìka òrùka, kó máa fà á sẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa ta gìtá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bá tú u, ìka á máa fò bí eṣinṣin. Mo rí i nínú fídíò kan.

Ìyá Ìbejì Físíò

Ẹ má ṣe é o. Ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ọwọ́ àti apá ni mo sì ń rí jù. Kí gbogbo yín tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì báyìí. Ẹ ká ìka àárín nìkan sí abẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn yòókù nà gbọọrọ. Ó yá, ẹ gbé ìlábẹ̀ sókè. Ó gbéra, àbí? Ẹ wá gbé ìka òrùka.

Kò gbéra. Ẹ má wulẹ̀ làágùn lé e lórí. Iṣan tó ń na ìka òrùka so mọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹ̀yìn ọwọ́, bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn. Kì í ṣe àìlera, rọ́bà kankan ò sì lè tú u. Robert Schumann, olórin Jámánì ayé àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, kò lè ta dùùrù níta gbangba mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹ̀rọ tó fi ń fa ìka rẹ̀ wà lára ohun tó fà á.

Àǹtí Télọ̀, apá ríro yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Tí ẹ bá ti ń ránṣọ látàárọ̀, ọwọ́ yín ti ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé gìtá. Wákàtí kan gbáko lórí eré tó pọ̀ jù kò dáa. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sinmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ já èjìká sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mí. Ẹ ṣọ́ ọmọńdinrín yín pẹ̀lú. Bó bá nà gan-an bí ọ̀pá, á jẹ́ pé gbogbo ọwọ́ ló ti le. Tó bá wá kọjá kó máa ro yín, tí ìka bá ń kú tàbí tó ń ta yín pàrà, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ pátápátá kẹ́ ẹ wá rí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Básì

Mo ti ṣe ti orí tábìlì yẹn. Ó dà bíi pé wọ́n kan ìka mi mọ́lẹ̀. Ẹ bá mi pa fídíò yẹn tì.

Atúngìtáṣe

Kò sẹ́ni tó bi í nípa gìtá fúnra rẹ̀. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ okùn kẹ́yìn? Okùn náílọ́ọ̀nù tó ti gbó máa ń dún gbùgbù, tẹ́ ẹ óò fi rò pé ìka yín ni kò ta á dáadáa. Bí okùn bá sì ga jù lókè pátákó, ọwọ́ òsì á máa jà, ọ̀tún náà á bá a le. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ má fi sílẹ̀ lára ògiri, ẹ máa tì í mọ́ inú àpò rẹ̀, igi máa ń gbẹ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má so okùn irin mọ́ ọn torí kó lè dún sókè. Fífà okùn irin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti náílọ́ọ̀nù. Mo ti rí èyí tí igi ìdí okùn fò yọ kúrò lára rẹ̀ láàárín ìsìn.

Ọmọ Àyàn

Onílù lèmi, n kì í ta gìtá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kó dọ́gba yìí, ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Àǹtí, télọ̀ ṣáà ni yín. Ẹ mú awẹ́ aṣọ kékeré kan, ẹ fi há abẹ́ okùn níbi tí wọ́n so wọ́n mọ́ nísàlẹ̀. Orin á parẹ́, á ku ìró ṣákálá bíi ti gúdúgúdú. Ẹ wá ta á. Adùn kọ́ọ̀dù máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí adùn bá ti lọ, ẹ óò gbọ́ ìka tó ń ya ọ̀lẹ.

Ẹ máa yí ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Lónìí, kí àtàǹpàkò le, kí ohùn márùn-ún yòókù rọ̀. Lọ́la, ìlábẹ̀ ni kó le. Lọ́túnla, ìka àárín. Bẹ́ẹ̀ títí dórí ìka òrùka. Ọjọ́ ìka òrùka á ká yín lára, mo mọ̀. Bí a bá ń kọ́ ọmọdé ní ìlù, ọwọ́ òsì la máa ń jẹ́ kó fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa ń ya ọ̀lẹ.

Télọ̀ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun gan-an ni. Okùn mi ti tó ọdún kan, mo jẹ̀bi. Mo so tuntun ní Sátidé.

Mo wá fi aṣọ há a, mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ lórí 60. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú sì tì mí nínú ilé ara mi. Àtàǹpàkò ń lu okùn bí ẹni ń gúnyán. Ìka òrùka dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ìyẹn lórí 60 o, kì í ṣe 120!

Ohun kan tún wà. Mo yọ aṣọ, mo ta orin yẹn gan-an lórí 100. Ibi tó ti ń tiro kì í ṣe ibi gbogbo. Bí mo bá ń kúrò lórí C lọ sórí G ni, níbẹ̀ nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Orin

Háà! Àǹtí, ẹ gbé ọwọ́ òsì kúrò pátápátá. Ẹ ta p-i-m-a-m-i lórí okùn lásán, kẹ́ ẹ máa gbé metronome sókè díẹ̀díẹ̀. Iye wo ló máa bàjẹ́?

Télọ̀ Òkè-Àdó

116.

Akẹ́kọ̀ọ́ Orin

Ẹ ò rí i. Ọwọ́ òsì ló ṣẹ̀, ẹ wá ń na ọwọ́ ọ̀tún látọjọ́ yìí. Èmi náà jẹ̀bi, ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi yín kí n tó máa rò lórí ẹyẹ àti wáyà. Giuliani, ará Ítálì kan tó gbé ní Vienna, tẹ ìdánrawò 120 jáde fún ọwọ́ ọ̀tún ní 1812, kọ́ọ̀dù méjì péré, C àti G7, ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Èmi máa ń rò pé ọ̀lẹ ni bàbá yẹn. Àṣé kò fẹ́ kí ọwọ́ òsì wá da ẹjọ́ rú ni.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ẹni ń tú aṣọ palẹ̀. Nínú C, ohùn tó gbẹ̀yìn ni i, lórí okùn kẹta. Okùn kẹta kò ní ìka lórí nínú C, lásán ló wà. Ìyẹn ni pé bí i bá ti ń ta ohùn ìkẹyìn yẹn, gbogbo ọwọ́ òsì ti lè gbéra, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ẹ wá wo G. Ohùn àkọ́kọ́ ni àtàǹpàkò lórí okùn kẹfà, tí ọwọ́ òsì tẹ̀ ní ìlà kẹta ọrùn gìtá. Ìka kan ṣoṣo yẹn ni ohùn àkọ́kọ́ ń fẹ́. Ìkejì ni okùn kẹta, lásán ni. Ìkẹta ni okùn kejì, tẹ́ ẹ bá lo G tí kò tẹ̀ ẹ́, lásán náà ni. Ó di ohùn kẹrin, ti ìka òrùka lórí okùn kìíní, kí ẹ tó nílò ìka òsì mìíràn. Ṣé ẹ rí iye àyè tó wà níbẹ̀? Ẹ̀yin ń gbìyànjú kí gbogbo ìka òsì balẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń gbá kọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí ìka okùn kẹfà ṣáájú, kí àwọn yòókù máa tẹ̀lé e bọ̀.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ọmọ yìí gbọ́n. Ó pẹ́ kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́n.

Télọ̀ Òkè-Àdó

Mo ti jókòó tì í láti àárọ̀, oníbàárà kan wà níwájú tó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ìka okùn kẹfà ṣáájú. Ó ṣiṣẹ́! Ó rọ̀ mí lọ́rùn lórí 108.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Èékánná ńkọ́? Mo rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ta dáadáa máa ń dá a sí. Tèmi, bó bá gùn díẹ̀, á fa ṣífọ́ọ̀nù oníṣífọ́ọ̀nù ya.

Akẹ́kọ̀ọ́ Orin

Ọ̀pọ̀ nínú àwa oníkíláásíkà ń dá a sí díẹ̀, á ṣẹ́kù bíńtín lókè ẹran ìka, kí ohùn lè mọ́. Ṣùgbọ́n Fernando Sor, ọ̀gá ńlá ará Sípéènì, ẹran ìka lásán ló fi ń ta á. Ẹ gé e.

Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ọ̀kan gùn kí èkejì kúrú. Bí èékánná ìka àárín bá ṣẹ́ sínú aṣọ, tí ti ìka òrùka sì ṣì gùn, okùn méjèèjì ò lè dún bákan náà láé. Ẹ fi fáìlì họ gbogbo rẹ̀ kó jọra.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Èmi ò dá èékánná sí rí, wọ́n sì gbọ́ mi láti orí òkè Mọ́kọ́lá dé ìsàlẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Básì

Bàbá, ẹ lo amplifier.

Ọmọ Àyàn

😂 Ẹ má dá Sájẹ́ǹtì lóhùn. Àǹtí, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ lẹ ń lò ni àbí oníná?

Télọ̀ Òkè-Àdó

Méjèèjì. Ẹlẹ́sẹ̀ ni tí wọ́n bá mú iná, ẹ̀yin náà mọ ìlú wa.

Ọmọ Àyàn

Ó dáa. Bí ẹ bá fẹ́ kó ránṣọ kíákíá, ṣé ẹ máa ń fi ipá tẹ pẹ́dàlì ni?

Télọ̀ Òkè-Àdó

Rárá o. Bí mo bá fi ipá tẹ̀ ẹ́, òwú á já. Ẹsẹ̀ á kàn máa fọwọ́ kan pẹ́dàlì fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ lọ. Ó yé mi. Ẹ má wulẹ̀ parí rẹ̀.

Ọmọ Àyàn

Ó dáa, mi ò parí ẹ̀. Èyí tó kù ni pé kẹ́ ẹ má máa gun 104, 105, 106 bí ẹni ń gun àkàbà nìkan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ta ohùn mẹ́fà péré lórí 126, kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ mí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ta mẹ́fà. Bí mẹ́fà bá mọ́, ẹ sọ ọ́ di méjìlá. Ìka á mọ bí eré ṣe ń rí kó tó rẹ̀ ẹ́. Tí mẹ́fà yẹn ò bá mọ́, 126 ti pọ̀ jù nìyẹn, ẹ dín in kù.

Ìyá Ìbejì Físíò

Mo fọwọ́ sí i, torí ìsinmi wà níbẹ̀. Apá ńkọ́?

Télọ̀ Òkè-Àdó

Apá ti dáa láti ìgbà tí mo ti pín in sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọmọńdinrín ló ṣì máa ń nà bí ọ̀pá bí mo bá gbàgbé.

Télọ̀ Òkè-Àdó

Mo padà dé o, ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo ń ta á lórí 114 báyìí, ó mọ́, ìka òrùka ń sọ̀rọ̀ jáde. Lórí 118, ó ń lọ tí ara mi bá balẹ̀. 120 kò tíì gún régé, mi ò ní parọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo gbé fóònù dání lọ sí ibi ìdánrawò, mo tan metronome sínú etí kan láì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n lè mọ ibi tí mo dé. A kọ orin náà látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Onílù wa, olùdarí wa, àwọn sopuránò, gbogbo wa. Mo ń kà á. 108. Ìgbà tí ara gbóná jù lọ, 111. Olùdarí fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní "120 pépé nìyẹn!"

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ń ta gìtá mi lọ.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Má sọ fún un o.